Ẹni Tó Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí àgbà máa ń sọ síta. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ilé bàbá mi ni. Bí ìyá mi bá wà láyé, kò ní jẹ́ kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sínú ewu ńlá, mo sì mọ̀ pé ilé tí irú rẹ̀ wà kò mọ ní tiwa nìkan.

Ní agboolé wa ní apá Gbágùrá, ní ìlú Abẹ́òkúta níbí, ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wa a máa tín-ín-rín láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ wọn a sì ga kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá ń rìn, wọn a máa gbé orúnkún sókè bí ẹni tó ń rìn nínú omi, kí ìka ẹsẹ̀ wọn má baà máa wọ́ nílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ń dàgbà, ọwọ́ wọn pẹ̀lú a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, títí tí dídé bọ́tìnnì ẹ̀wù yóò fi di iṣẹ́ ńlá. Bàbá mi rí bẹ́ẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin rí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, "Ẹlẹ́sẹ̀ Lékeléke" ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Nígbà tí mo di tíṣà, n kò gbọ́ orúkọ náà mọ́, nítorí pé ṣòkòtò gígùn àti sọ́ọ̀kìsì ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé ni pé baba ńlá wa kan ló fẹsẹ̀ gbá ẹbọ ní oríta. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Kí ẹbí tó fi ọmọ fún ọkọ, wọn yóò ṣe ìwádìí: Ṣé wèrè kò sí nílé yẹn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí níbẹ̀? Ṣé wárápá kò sí níbẹ̀? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà la sì ń wò kí a tó bá wọn dána. Nítorí náà, olúkúlùkù ilé ló ń fi aṣọ bo tirẹ̀.

Àbúrò bàbá mi tí mo wí yìí, Ìyá Ìtòkú là ń pè é, nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń ta àdìrẹ. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, inú rírun gbé e dè, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan fún iṣẹ́ abẹ. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí n kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ wọn. Dókítà bi bàbá mi léèrè lójú mi pé, "Ṣé àìsàn kan wà nínú ẹbí yín tó yẹ kí n mọ̀?" Bàbá mi ní, "Kò sí o. Ilé wa mọ́." Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láṣeyọrí, ṣùgbọ́n èémí ìyá wa kò padà bọ̀ sípò. Odidi òru ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí i lẹ́dọ̀fóró. Ní ọjọ́ kẹta, ó jáde láyé.

Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan tilẹ̀ dárúkọ orogún rẹ̀, obìnrin náà sì ru ẹ̀sùn yẹn títí tí òun náà fi kú. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé ẹsẹ̀ lékeléke yẹn ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dókítà bèèrè, a kò sì sọ òtítọ́ fún un.

Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó kan èmi alára. Òkúta kéékèèké di sínú àpò òróòro mi, dókítà sì ní àfi kí àwọn là mí nínú. Ìlú wa kò kúkú ṣàìní ilé ìwòsàn. Sacred Heart tó wà ní Lantoro ti wà láti ọdún 1895, tí àwọn Fadá ìjọ Àgùdà ti dá a sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Àwọn mìíràn tún wà káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn ni mo ti gba bẹ́ẹ̀dì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àna mi lọ́la wá kí mi. Ará Ṣágámù ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin mi, ìdána sì ku oṣù méjì péré. Ó gbé ọsàn àti búrẹ́dì lọ́wọ́. Bí a ti ń ṣàwàdà lọ́wọ́ ni dókítà akunilóorun wọlé. Ọmọbìnrin kan ni, kò ju ọmọ mi àgbà lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ṣé mo ní eyín tó ń mì? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà mí láàmú? Oògùn wo ni mò ń lò? Ìgbà wo ni mo jẹun gbẹ̀yìn? Mo ń dá a lóhùn wéréwéré. Ó wá ní:

"Bàbá, ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tí oògùn oorun ṣe lọ́ṣẹ́ rí? Ṣé àìsàn kan wà tó ń ti ọ̀dọ̀ òbí bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ?"

Mo wo àna mi. Àna mi ń wo ọsàn tó ń bó. Mo ní, "Kò sí o, dókítà. Ilé wa mọ́."

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ooru sì mú gan-an, ṣùgbọ́n sọ́ọ̀kìsì wà lẹ́sẹ̀ mi. Dókítà wo sọ́ọ̀kìsì náà, kò sọ nǹkan kan. Ó kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, ó kí wa, ó lọ.

Ní òru ọjọ́ náà, n kò fojú ba oorun. Ohun tó ń dún létí mi ni pé ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an ni mo tún sọ, n kò yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀. Mo rántí Ìyá Ìtòkú. Mo rántí orogún rẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, bí mo bá kú lọ́la, ta ni wọn yóò dárúkọ? Ìyàwó mi ló ń gbé oúnjẹ fún mi. Òun ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo sì fi dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, tí mò ń nà wọ́n nítorí irọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó bá mi pe dókítà akunilóorun. Nígbà tó dé, ẹnu mi kọ̀ láti là. Mo kàn bọ́ sọ́ọ̀kìsì mi.

Kò bá mi wí. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun," ó sì fa àga sún mọ́ mi. Ó fi òòlù kékeré kan lu orúnkún mi, ẹsẹ̀ mi kò ta. Ó fi irin kan tó ń gbọ̀n sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, n kò mọ̀ pé ó ń gbọ̀n. Ó bi mí bóyá mo lè sùn lẹ́yìn gbalaja kí èémí má ká mi. Ó ní kí n sọ nípa bàbá mi, kí n sọ nípa Ìyá Ìtòkú. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní iṣẹ́ abẹ náà kò ní wáyé lọ́jọ́ yẹn. Àwọn yóò kọ́kọ́ yẹ èémí mi wò, àwọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn mi wò pẹ̀lú.

Ó fi wáyà iná mànàmáná ṣe àpẹẹrẹ fún mi. Ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní iṣan ju oríṣi kan lọ. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Òmíràn ni èyí tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tó sì ń gbé ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù padà wá. Èyí tó ń jíṣẹ́ yìí ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé wa. Lára àwọn mìíràn, ohun tó bò ó bí rọ́bà ti ń bo wáyà ló ń bàjẹ́. Lára àwọn mìíràn, wáyà fúnra rẹ̀ ni. Èyí tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń kàn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú kí ó tó kan ọwọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹbọ oríta níbẹ̀ rárá. Ní ọdún 1886 ni Charcot àti Marie ní ìlú Paris, àti Tooth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé àìsàn náà, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi ń pè é dòní: Charcot-Marie-Tooth. Nínú oríṣi rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, bí òbí kan bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí lè jogún rẹ̀ tàbí kí ó má jogún rẹ̀, bí ìgbà tí a ta owó sókè tí a kò mọ ojú tí yóò fi balẹ̀.

Mo bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú oorun. Ó ní kí àwọn tó lè ki rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ ọ̀fun ẹni tó sùn, àwọn máa ń fi oògùn kan mú kí gbogbo ẹran ara rẹ̀ dẹ̀. Ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni suxamethonium. Ó ń yá ṣiṣẹ́, kì í pẹ́ lára, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí iṣan tó ń jíṣẹ́ fún un ti ń kú dà bí ilé tí baálé rẹ̀ ti rìnrìn àjò: àwọn tó kù nílé á máa lu ilẹ̀kùn síbi tí ilẹ̀kùn kò sí tẹ́lẹ̀. Bí oògùn yìí bá dé ibẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn náà lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kí iyọ̀ ara kan tí wọ́n ń pè ní pòtáṣíọ̀mù tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù níbẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní àwọn kan tó ní irú ẹsẹ̀ mi ti gba oògùn náà rí tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. "Ṣùgbọ́n, Bàbá, èmi kì í fi ẹ̀mí ènìyàn ta tẹ́tẹ́ nígbà tí oògùn mìíràn wà."

Ó tún ní iṣan tó ń ṣiṣẹ́ fún èémí lè ti rẹ̀wẹ̀sì láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Oògùn tó ń mú ẹran ara dẹ̀ sì lè pẹ́ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó sùn kò mọ̀ pé ìgbọ̀nwọ́ òun tẹ̀ mọ́ irin, nítorí náà wọ́n gbọdọ̀ fi tìmùtìmù tẹ́ ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ̀. Mo ní ṣé kò kúkú lè gún mi ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ó ní láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn dókítà kan ti ń ṣọ́ra fún un, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá tún rọ sí i lẹ́yìn rẹ̀, kò ní rọrùn láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló fà á tàbí àìsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti gbà á ní àlàáfíà. Fún iṣẹ́ tèmi, ó ní oorun ló yẹ. Ó sì kọ bí ẹsẹ̀ mi ti rí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n gbé mi wọ tíátà. Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo jí: "Bàbá, ẹ gbé orí sókè. Ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ mí kanlẹ̀." Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́kún ayọ̀.

Nígbà tí ara mi yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, bí tíṣà ti máa ń ṣe. Ní ọdún 1846, ọdún kan náà tí Townsend àti Crowther wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, ni Morton fi hàn ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà pé a lè fi oògùn ether kun ènìyàn lóorun kí a sì fi ọ̀bẹ là á láìmọ ìrora. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé oorun kan náà kò bá gbogbo ìdílé mu.

Ní South Africa, àìsàn ìdílé kan wà láàárín àwọn òyìnbó Afrikaner tí wọ́n ń pè ní porphyria. Ẹni tó ní in lè máa ṣiṣẹ́ oko rẹ̀ ní àlàáfíà, kí awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kàn máa bó nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi thiopentone kùn ún lóorun, iṣan rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rọ, kí èémí sì dúró. Àwọn kan kú bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ ohun tó pa wọ́n. Dókítà kan tó ń jẹ́ Geoffrey Dean ló ń ti ilé dé ilé, tó ń bi wọ́n nípa òbí àti òbí àgbà wọn, títí ó fi tọ ipa àìsàn náà dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan tó ṣe ìgbéyàwó ní Cape ní ọdún 1688.

Ìtàn kejì ti Australia wá. Àìsàn ẹran ara ni tiwọn, kì í ṣe ti iṣan, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan fẹsẹ̀ kán ní ìlú Melbourne. Ó sọ fún àwọn dókítà pé òun kò bẹ̀rù ẹsẹ̀ tó kán bí òun ti bẹ̀rù oògùn oorun, nítorí pé mẹ́wàá nínú ẹbí òun ló ti kú nídìí ether. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Wọ́n fún un ní oògùn mìíràn, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Bí ara rẹ̀ ti yí padà, kíá ni wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n fi yìnyín tù ú lára, ó sì yè. Denborough àti Lovell kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ àìsàn náà, wọ́n sì padà rí dantrolene tó ń pa oró rẹ̀. Ẹnu aláìsàn kan ló ṣí ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀yin ará mi, àwa Ẹ̀gbá mọ oríkì. Bí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ láàárọ̀, yóò kà á dé ìran keje: ẹni tó jagun, ẹni tó gẹṣin, ẹni tó kọ́lé alárà. Ṣùgbọ́n ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ nínú wọn? Ta ni kò jí mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ìyẹn kì í sí nínú oríkì, bẹ́ẹ̀ òun ni dókítà fẹ́ gbọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Adéoyè Lámbò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró ní àwọn ọdún 1950, kò fẹ́ kí aláìsàn dá wá. Ó ní kí ẹbí kan tẹ̀ lé e, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí wà nínú ìtọ́jú. Bí ẹbí bá sì ń parọ́, ìtọ́jú náà di àbọ̀.

Ẹ ó máa rò ó pé báwo ni ti àna mi ṣe wá parí. Ọjọ́ tí mo kúrò nílé ìwòsàn ni mo sọ fún un fúnra mi, ní gbangba, mo sì ká ṣòkòtò mi sókè kí ó rí i. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ó dàárọ̀," ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, a kò gbúròó rẹ̀. Ọmọ mi sunkún, ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. A mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun kò rí àmì àìsàn náà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àna mi padà dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Tíṣà, bí kì í bá ṣe ti ọ̀bẹ dókítà, ṣé ẹ ó sọ fún mi?" Mo ní, "N kì bá tí sọ." Ó ní, "Ẹni tó bá lè sọ eléyìí, mo lè bá a dána." Wọ́n ti ṣe ìdána náà. Bí wọn kò bá sì ṣe é, ó dùn mí ni, ṣùgbọ́n n kì bá tí bínú sí i. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti mọ̀.

Ẹ rántí pé tẹ́lẹ̀ rí, ìtìjú ni kí ènìyàn sọ pé ọmọ òun jẹ́ SS. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so yìgì láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya, dókítà akunilóorun náà kì í sì í ṣàì béèrè rẹ̀, nítorí pé òtútù, òùngbẹ àti àìtó afẹ́fẹ́ lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ SS. Ìtìjú yẹn rọ̀, ayé kò parẹ́. Ti àwọn ẹsẹ̀ lékeléke náà yóò rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, bí iṣẹ́ abẹ bá kàn yín tàbí ọmọ yín, ẹ jókòó ti àgbà ilé yín kí ẹ tó lọ. Ẹ béèrè ẹni tí oògùn oorun ṣe lọ́ṣẹ́ rí. Ẹ béèrè ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrora, ẹni tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí a ní ayé ló ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi lé dókítà akunilóorun lọ́wọ́. Bí àlejò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jáde díẹ̀.

Ní tèmi, mo ti kọ ti ilé wa sínú ìwé kan, ó wà nínú Bíbélì ilé, àwọn ọmọ mi sì mọ ojú ìwé tó wà. Sọ́ọ̀kìsì mi ṣì wà, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù nìkan ni mò ń wọ̀ ọ́.